Ẹ KỌ ORÚKỌ ÀǸTÍ YÍN SÍLẸ̀

Ẹ̀yin ará Òkè-Ìlewó, ọmọ kì í ṣe ti ìyá àti bàbá nìkan. Ẹ̀gbọ́n ìyá ń wẹ̀ ẹ́, àbúrò bàbá ń bọ́ ọ, ìyàwó ẹbí sì ń bá a wí.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan nílùú wa. Wọ́n bí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti ní Abẹ́òkúta ní 1900. Ẹniọlá, ìyá Wọlé Ṣóyínká, jẹ́ ọmọ arábìnrin ọkọ rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ ilé ni Wọlé lọ́dọ̀ rẹ̀. Láàárín ọdún 1940 sí 1949, màmá yìí ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé, ó sì kó wọn jọ láti bá ìjọba jà lórí owó-orí. Wọlé, ọmọdé, ń wò wọ́n. Ó tilẹ̀ ń bá wọn kọ́ àwọn ìyá náà ní a-b-d. Màmá kú ní 1978. Ní 1981, Wọlé kọ ohun tí ó rí sínú ìwé *Aké*. Títí dòní, à ń kà nípa rẹ̀.

Àǹtí tiwa ńkọ́? Àwọn tó fi owó èlùbọ́ tàbí owó àdìrẹ rán wa lọ sílé-ìwé? Orúkọ wọn kò sí nínú ìwé ìbí wa. Bí àwa tí wọ́n tọ́ bá kú, ó parí nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀wé kọ báyìí. Ẹ mú bírò. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀, àti oore kan tó ṣe. Ẹ kà á fún àwọn ọmọ.

ÌBÉÈRÈ
1. Ta ló kọ ìwé *Aké*?
2. Ta ló bá ìyá yín tọ́ yín?