Ẹ Má Fi Èébú San Èébú
Ẹ̀yin ọmọ wa ní Atakpamé, lẹ́yìn ìdìbò ààrẹ oṣù kẹrin ọdún 2005, ẹ̀jẹ̀ ṣàn nílùú yìí. Ìwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé àwọn tó kú jákèjádò Togo tó 400 sí 500. Kí ọwọ́ tó gbé igi, ẹnu ti máa ń sọ aládùúgbò di ọ̀tá.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá bú ẹ̀yà Ifẹ̀, Éwé tàbí Kabiyè lórí WhatsApp, ẹ má bú u padà, ẹ má sì fi èébú náà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ẹ pè é sí kọ̀rọ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Bó bá ń halẹ̀ ikú, ẹ tọ́jú ẹ̀rí, kí ẹ fi tó àgbà àti aláṣẹ létí. Ẹ dúró ti ẹni tí wọ́n bú. Ọ̀rọ̀ rere ló ń dá ìlú sí.