Àpò Kọ́ Ni Ibùgbé Ẹdùn Àrá

Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà. Ta ni a óò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa túmọ̀ ìyẹn fún? Àwọn ọmọ wa ń wọkọ̀ láti Lọ́kọ́ja lọ wo ohun àtijọ́ ní Ilé-Ifẹ̀, katakátá sì ń hú òkúta tí àwọn ará ìgbàanì fọwọ́ gbẹ́ jáde lóko bàbá wọn.

Ohun tó bí mi nínú ni àpò ìrẹsì kan tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tú sílẹ̀ níwájú mi ní Felele, ní Lọ́kọ́ja. Ẹdùn àrá, ìyẹn àáké òkúta àwọn ará ìgbàanì, ló kún inú rẹ̀. Ó ti fọ gbogbo wọn, ó ti fi epo pa wọ́n. Mo mú ọ̀kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ, ẹnu rẹ̀ ṣì mú. Mo ní níbo ló ti rí i. Ó ní, "Oko ni, bàbá." Oko wo? Kò mọ̀ mọ́.

Ó dùn mí gan-an, torí ibi tí òkúta ti jáde ló ń sọ ìtàn rẹ̀. Ní 1965, awalẹ̀pìtàn Thurstan Shaw walẹ̀ ní Ihò Eléérú, nítòsí Ìṣàrun ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ó bá egungun èèyàn tó ti lé ní 11,000 ọdún níbẹ̀, ó sì bá òkúta wẹ́wẹ́ irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọfà. Ìpele ilẹ̀ ti òkè, níbi tí ìkòkò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn, ni àwọn ẹdùn tí wọ́n lọ̀ tó fi dán wà. Ipò tí kálukú wà nínú ilẹ̀ ló jẹ́ ká mọ èyí tó ṣáájú. Ní Kogí tiwa náà, awalẹ̀pìtàn Philip Oyelaran walẹ̀ ní Itaakpa ní Ìfẹ̀-Ìjùmú. Ká ní ẹnì kan ti fi àpò kó gbogbo rẹ̀ lọ ṣáájú wọn ńkọ́? Àwọn àgbà oníṣàngó pàápàá sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti hú ẹdùn wọn.

Níbí ni òwe wa ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹdùn tó ti wọ àpò sọnù ju èyí tó ṣì wà lábẹ́ ebè lọ.

Bí ẹ bá rí ẹdùn àrá lóko, ẹ má gbẹ́ ihò. Ẹ fi fóònù yà á níbi tó wà, kí ẹ fi páálí ìṣáná sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ká lè mọ bó ṣe tóbi tó. Ẹ ya poro náà, àti igi tàbí àpáta tó sún mọ́ ọn. Ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má pọ́n ọn. Ẹ mú ìròyìn náà lọ sí mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ ní Lọ́kọ́ja. Òfin 77 ti 1979 ló dá àjọ tó ń bójú tó o sílẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ lọ wá a fúnra yín, lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tí omi bá ti wẹ orí ebè, ni òkúta máa ń hàn jù. Ẹ gbàṣẹ lọ́wọ́ olóko kí ẹ tó wọ oko rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé àti bírò dání.