Orúkọ àti Iṣẹ́ Wáyà Mẹ́ta: Àyẹ̀wò Ààbò Mànàmáná Nínú Ilé Ìdáná

Bí Yorùbá bá fẹ́ sọ ohun tí mànàmáná ṣe fún ẹni tó fọwọ́ kan wáyà tó ṣí sílẹ̀, ohun tí wọ́n máa ń wí ni pé "iná gbé e". Ọ̀rọ̀-ìṣe "gbé" bá ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì mu. Mànàmáná a máa gba ara ènìyàn kọjá lọ sínú ilẹ̀, iṣan a sì le débi pé ọwọ́ kò ní lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú. Ète àpilẹ̀kọ yìí ni láti fi hàn pé orúkọ tí a bá fún wáyà gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé orúkọ tó ṣi ènìyàn lọ́nà lè gba ẹ̀mí.

Ilé ìdáná ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ní Táíwò Road ní Ìlọrin, òpópó tí ìṣòwò ti pọ̀, bí i ní ìgboro mìíràn, fíríìjì, kẹ́tùlù, ẹ̀rọ ìlọta àti sítóòfù oníná mànàmáná lè jọ wà nínú yàrá kékeré kan. Omi wà níbẹ̀, irin wà níbẹ̀, ilẹ̀ sìmẹ́ńtì sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀. Nínú irú yàrá bẹ́ẹ̀, ọ̀nà àtidé ilẹ̀ rọrùn fún mànàmáná.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a nílò ná. "Ìtì" ni agbára tó ń ti mànàmáná, bí gíga táǹkì ṣe ń ti omi. Fọ́ótì ni a fi ń wọ̀n ọ́n. Ní Nàìjíríà, 230 fọ́ótì ni ìtì inú ilé. "Ìṣàn" ni bí mànàmáná tó ń kọjá ti pọ̀ tó. Ánpù ni ìwọ̀n rẹ̀. "Ìdènà" ni ohun tó ń dín ìṣàn kù. Óòmù ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí a bá fi ìdènà pín ìtì, ìṣàn ni a ó rí.

Nísinsìnyí, ó kan wáyà mẹ́ta. Èkíní, "wáyà oníná", ni ó ń mú mànàmáná wá. Èkejì ni ẹlòmíràn lè fẹ́ pè ní "wáyà aláìníná". Orúkọ yìí léwu. Ìṣàn tó gba ti èkíní wá ni èyí ń dá padà, láìdín. Bí ó bá já, ẹ̀rọ á kú, ṣùgbọ́n 230 fọ́ótì á ṣì wà ní apá tó kù sọ́dọ̀ ẹ̀rọ náà. "Wáyà adánápadà" ló tọ́ sí i. Ẹ̀kẹta ni èyí tó so ara irin ẹ̀rọ mọ́ ilẹ̀. "Wáyà agbénásílẹ̀" yẹ ẹ́, nítorí pé òun ni yóò gbé iná lọ sílẹ̀ kí iná tó gbé ènìyàn.

Àwọ̀ nìkan kò tó gbára lé. Nínú ìlànà àtijọ́ tí Nàìjíríà bá lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, oníná jẹ́ pupa, adánápadà jẹ́ dúdú, agbénásílẹ̀ sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Láàárín 2004 sí 2006, Bìrìtìkó yí oníná padà sí àwọ̀ ilẹ̀, ó sì yí adánápadà padà sí àwọ̀ ojú ọ̀run; agbénásílẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé pẹ̀lú àwọ̀ ìyeyè. Nínú ìlànà tuntun fún iná onífáàsì mẹ́ta, dúdú ti di ọ̀kan nínú àwọn oníná.

Àṣìṣe kejì wà lórí fíúùsì. Ọ̀pọ̀ gbà pé ènìyàn ni ó ń dáàbò bò, wáyà ni. Kẹ́tùlù 2000 wáàtì ń fa nǹkan bí 8.7 ánpù. Bí sítóòfù 2000 wáàtì bá tún kún un lórí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà, ó di 17.4, fíúùsì 13 ánpù sì lè jó bí ó bá pẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ìdènà ara ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ tutù bá jẹ́ 1000 óòmù, 0.23 ánpù péré ni yóò gba ara rẹ̀ kọjá. Èyí tó láti pa á, fíúùsì kò sì ní mọ̀ rárá. Ẹni tó bá wá fi okùn bàbà rọ́pò fíúùsì ti mú ààbò wáyà pàápàá kúrò.

Ojú ọjọ́ Ìlọrin tún dá kún un. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́, ilẹ̀ a máa gbẹ, ìdènà rẹ̀ a sì ga. Bí ìdènà ọ̀pá tí a gbá mọ́lẹ̀ bá di 50 óòmù, 4.6 ánpù ni yóò gbà á kọjá; fíúùsì 13 ánpù kò ní jó, ara kẹ́tùlù yóò sì wà pẹ̀lú iná. Nítorí náà, ọ̀pá tó dára lásìkò òjò gbọ́dọ̀ di wíwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun èlò tó ń wo àìdọ́gba yìí wà. Ó ń fi ìṣàn tó lọ wé èyí tó padà, bí 0.03 ánpù bá ti jò dànù, á gé iná lójú ẹsẹ̀. "Agénájíjò" ni orúkọ tí a dábàá. Àmì ohùn ṣe pàtàkì níhìn-ín: "jíjò" ni ti omi tó ń jò, "jíjó" sì ni ti iná tó ń jó.

Àyẹ̀wò ilé ìdáná wá di ìbéèrè mẹ́rin. Ǹjẹ́ agbénásílẹ̀ dé orí sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan? Ǹjẹ́ ìdènà ọ̀pá kéré tó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Ǹjẹ́ fíúùsì bá wáyà mu? Ǹjẹ́ agénájíjò ń gé iná bí a bá tẹ bọ́tìnì ìdánwò rẹ̀? Onílé lè tẹ bọ́tìnì náà, kí ó sì wo pulọ́ọ̀gì tó ti dúdú tàbí wáyà tó ti bó. Wíwọ̀n jẹ́ iṣẹ́ oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí. NEMSA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí òfin 2015 fìdí rẹ̀ múlẹ̀, ni àyẹ̀wò àti ìwé ẹ̀rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí orúkọ bá ti sọ iṣẹ́, ìyàwó ilé tó ń gbọ́ "agbénásílẹ̀" yóò béèrè lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná pé: "Èyí tí yóò gbé iná sílẹ̀ dà?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni ìbẹ̀rẹ̀ ààbò.