Ọmọ Ilé Kéú àti Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì Gíga

Ní orúkọ Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́ ayé, Àṣàkẹ́ ọ̀run. Ọpẹ́ ni fún Ọba tí ó ni gbogbo ìmọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi wá nígbà tí ọmọ wọn bá fẹ́ wọ SS 1: ǹjẹ́ ọmọ tí ó ń ké kéú lè gba iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì, títí dé orí Further Mathematics, kí ó sì di ẹnjiníà lọ́la? Òmíràn nínú wọn ti pinnu pé kò ṣeé ṣe kí ó tó bi wá. Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe, àti pé ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ipò ìmọ̀ yìí nínú ẹ̀sìn

Imam Al-Ghazali, tí ó kú ní ọdún 505 Hijira, èyí tí í ṣe 1111, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ Ihya Ulum al-Din pé ọ̀nà méjì ni ìmọ̀ tí ó jẹ́ ọ̀ranyàn pín sí. Èkínní ni Fardu Ain, èyí tí ó di dandan fún olúkúlùkù, bí ìmọ̀ ìrun àti ààwẹ̀. Èkejì ni Fardu Kifaya, èyí tí ó jẹ́ pé bí àwọn kan bá ṣe é, ó ti bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni kò bá ṣe é, gbogbo ìlú ni ó jẹ gbèsè rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn àti ìmọ̀ ìṣirò wà lára ohun tí Imam náà kà mọ́ Fardu Kifaya. Ó tilẹ̀ ráhùn pé àwọn ìlú kan wà tí kò ní oníṣègùn tí í ṣe Mùsùlùmí, síbẹ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ lọ sí ibi ìmọ̀ ófin nìkan. Kí á fi ọ̀rọ̀ náà wo ara wa: ta ni yóò ya àwòrán mọ́ṣáláṣí wa kí ògiri rẹ̀ má baà wó? Ta ni yóò tún ẹ̀rọ tí ń fa omi àlùwàlá wa ṣe?

Al-jabr: ohun ìní wa ni

Ní ìlú Baghdad, nígbà ìjọba Kálífà Al-Ma'mun, láàárín 813 sí 833, Muhammad ibn Musa al-Khwarizmi kọ ìwé kan lórí al-jabr àti al-muqabala. Láti inú orúkọ ìwé náà ni àwọn Òyìnbó ti rí algebra, láti inú orúkọ òun fúnra rẹ̀ sì ni wọ́n ti rí algorithm tí àwọn oníkọ̀ǹpútà ń lò. Apá tí ó pọ̀ nínú ìwé yìí dá lórí wàsíyà àti ogún pípín. Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ kan ṣe é.

Ọkùnrin kan kú. Baba rẹ̀ àti baba baba rẹ̀ ti kú ṣáájú. Ó fi ìyàwó kan, ìyá rẹ̀, ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n san gbèsè rẹ̀, tí wọ́n sì mú wàsíyà kúrò, ó ku ₦720,000.

Ìyàwó gba ìdá kan nínú mẹ́jọ: ₦90,000.
Ìyá gba ìdá kan nínú mẹ́fà: ₦120,000.
Àwọn ọmọ ni ó ni ìyókù, ìpín ọkùnrin sì jẹ́ ìlọ́po méjì ti obìnrin.

Al-Khwarizmi a máa pe ohun tí a kò tíì mọ̀ ní shay', èyíinì ni “nǹkan”. Ní ilé ìwé lónìí, x ni wọ́n ń kọ. Bí ìpín ọmọbìnrin bá jẹ́ x, ti ọmọkùnrin á jẹ́ 2x. Nítorí náà:

3x + 210,000 = 720,000
3x = 510,000
x = 170,000

Ọmọbìnrin gba ₦170,000, ọmọkùnrin gba ₦340,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, yóò pé ₦720,000. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè ṣe èyí lórí wàláà, kí ó má ṣe sọ fún wa mọ́ pé ìṣirò ilé ìwé kò yé òun.

Ohun tí ẹni tí ó fẹ́ ṣe ẹnjiníà yóò kọ́

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ẹni tí ó bá fẹ́ wọ yunifásítì fún iṣẹ́ ẹnjiníà yóò ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Mathematics, Physics àti Chemistry nínú ìdánwò JAMB. Further Mathematics kì í ṣe dandan fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń la ọ̀nà sílẹ̀. Nínú rẹ̀ ni ọmọ ti ń kọ́ calculus, ìmọ̀ bí nǹkan ṣe ń yí padà, bí àpẹẹrẹ bí omi ṣe ń yára sí i tàbí ń rọra kún táǹkì. Níbẹ̀ náà ni yóò ti kọ́ nípa agbára tí ń ti nǹkan àti èyí tí ń fà á, èyí tí àwọn tí ń ṣe afárá kò lè ṣe aláìmọ̀. Technical Drawing sì ń kọ́ ọwọ́ àti ojú.

Ọ̀nà mìíràn tún wà lẹ́yìn ilé ìwé girama: IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí, àti JUPEB tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Iṣẹ́ mẹ́ta ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ jinlẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá yege, tí èsì WAEC tàbí NECO rẹ̀ sì pé, ó lè wọ ọdún kejì ní yunifásítì.

Ẹ̀bi wa

A kò ní fi ara wa pamọ́. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kan wà tí ó mọ ogún pín ju àwọn ọkùnrin kíláàsì rẹ̀ lọ. Ilé ìwé rẹ̀ fi iṣẹ́ àṣewò ní yàrá sáyẹ́ǹsì sí àárọ̀ Sátidé, àkókò kan náà tí a ń kọ́ wọn ní nahau. Nígbà tí baba rẹ̀ wá bá wa, àwa ni a sọ pé kí ó yan ọ̀kan. Ó yan kéú, ó sì fi sáyẹ́ǹsì sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn wá títí di òní, nítorí pé wákàtí méjì péré ni a bá sún kíláàsì wa síwájú. A ti sún un báyìí, ṣùgbọ́n ti ọmọ yẹn ti kọjá.

Ìmọ̀ràn wa

1. Ẹ̀yin òbí, ẹ bá olùkọ́ ilé ìwé àti ààfáà ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ SS 1, kì í ṣe nígbà tí ìdánwò bá dé. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́.

2. Ẹ má ṣe yọ ọmọbìnrin sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

3. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ máa ṣe ìṣirò lójoojúmọ́ bí ẹ ṣe ń tún hífísì yín kà. Ohun tí a kò bá tún yẹ̀ wò yóò sá lọ.

4. Ẹ̀yin ìjọ mọ́ṣáláṣí, ìwé Physics kan tí a rà fún ọmọ tálákà, sàráà ni.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe ayé àti ọ̀run ní àǹfààní. Àmín. Wàsàláàmù aláékùm.