Àjàkálẹ̀ Àrùn àti Ìbágbépọ̀ Ènìyàn

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ara nìkan ni àjàkálẹ̀ àrùn ń bá jà. Ó ń bá ọkàn àti ìbágbépọ̀ jà pẹ̀lú.

Ní oṣù September, ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé àrùn influenza wọ Èkó. A ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìsìn pa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá kúrò nílùú, àrùn náà sì bá wọn lọ. Ní ọdún 2020, nítorí COVID-19, ìjọba pàṣẹ kí Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé láti 30 March. Ọjọ́ Àjíǹde, 12 April, bá ilé ìsìn wọn ní títì.

Ẹ jẹ́ kí a kíyèsí ohun mẹ́ta:

Èkíní, ìfura. Ẹni tí ó bá húkọ́ di ẹni àyẹrafún, àní lójú ọmọ ìyá rẹ̀.

Èkejì, ìdánìkanwà. Àwọn àgbà ní ènìyàn ni aṣọ ẹni. Ṣùgbọ́n ẹni ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ sọkún láìsí ẹni tí yóò gbá a mọ́ra.

Ẹ̀kẹta, ìtìjú. Èyí ni ó burú jù, nítorí ẹni tí ojú ń tì yóò fi àìsàn rẹ̀ pamọ́, àrùn yóò sì túbọ̀ ràn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ara jìnnà nígbà tí ó bá yẹ, ṣùgbọ́n kí ọkàn má ṣe jìnnà. Ẹ fi oúnjẹ sí ẹnu ọ̀nà aláìsàn. Ẹ ránṣẹ́ sí opó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wádìí ọmọ tí ó dákẹ́ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ìbéèrè: Ta ni a yẹra fún nígbà náà, tí a kò tíì padà kí?