Àìróorunsùn

Ẹ̀yin ìyá wa, púpọ̀ nínú wa ni kì í fojú kan oorun títí àkùkọ fi ń kọ. À ń dá ariwo Ọjà'ba àti ooru abẹ́ páánù lẹ́bi. Obì tí a jẹ nírọ̀lẹ́ ńkọ́? Obì kan náà la fi lé oorun lọ nígbà ìdánwò olùkọ́! Káfíìnì inú rẹ̀ kì í tètè kúrò: lẹ́yìn wákàtí 5, nǹkan bí ìdajì ṣì wà lára. Oorun ọ̀sán gígùn nínú ìsọ̀ náà ń jí tòru lọ.

Ẹ jẹ́ kí a má jẹ obì mọ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bí oorun kò bá wá, ẹ dìde jókòó díẹ̀. Ẹ má bá a jà lórí ibùsùn. Ẹ má ra oògùn oorun lò láìrí dókítà. Ẹni tí ìtọ̀ ń jí léraléra, kí ó lọ ṣàyẹ̀wò àtọ̀gbẹ ní Adéọ̀yọ́, ní Yemẹtu.