Ìyẹ́ Tí A Dojú Rẹ̀ Délẹ̀: Bí Afẹ́fẹ́ Ṣe Wọ Inú Ìdíje Ọkọ̀

Àwọn tó ń ṣètò ìwé yìí ní kí n kọ ẹ̀kọ́ kan láti inú ìmọ̀ físíìsì, èyí tí àgbà àti ọmọdé lè jọ kà. Mo rò ó títí, mo sì yan ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ìdíje, nítorí mo ti ṣàkíyèsí pé àwọn ọmọ tí wọ́n máa ń tòògbé nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa agbára afẹ́fẹ́ a máa la ojú kedere bí a bá ti dárúkọ ọkọ̀ tí ń sá eré tó ju 200 kìlómítà lọ ní wákàtí kan.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ dáhùn kò le láti béèrè: kí ni ọkọ̀ tí ń rìn lórí ilẹ̀ fẹ́ fi ìyẹ́ ṣe? Bàálù ní ìyẹ́ kí ó lè fò. Ọkọ̀ ìdíje ní ìyẹ́ kí ó má baà fò. Ó tó nǹkan bí 40 ọdún kí àwọn ènìyàn tó lo ìmọ̀ yìí bó ṣe yẹ, ó sì fọ́ àwọn kan léegun.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí táyà. Ohun tí ó so ọkọ̀ mọ́ ilẹ̀ kò ju táyà mẹ́rin lọ, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì fi kan ọ̀dà kéré púpọ̀. Bí ohun tí ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ bá ṣe lágbára tó ni táyà yóò ṣe di ilẹ̀ mú tó. Ẹnì kan lè wá sọ pé kí a kúkú di àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan sẹ́yìn ọkọ̀ náà, kí táyà lè di ilẹ̀ mú dáadáa. Kò lè ṣiṣẹ́. Àpò sìmẹ́ńtì wúwo. Bí awakọ̀ bá fẹ́ yà ní kọ́nà, ìwúwo náà yóò máa fẹ́ lọ tààrà, yóò sì gba gbogbo èrè tí táyà jẹ padà. Ohun tí awakọ̀ ìdíje ń wá ni ẹrù tí ń tẹ táyà mọ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò wúwo. Àlọ́ ni. Afẹ́fẹ́ sì ni ìdáhùn rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ti na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀ rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí a bá gbé iwájú àtẹ́lẹwọ́ sókè díẹ̀, afẹ́fẹ́ a gbé ọwọ́ lọ sókè. Bí a bá dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ a tì í wálẹ̀. Bí a ṣe ṣe ìyẹ́ bàálù nìyẹn, kí afẹ́fẹ́ lè gbé e sókè. Bí a bá yí ìyẹ́ kan náà padà, tí a dojú rẹ̀ délẹ̀, tí a sì dè é mọ́ ọkọ̀, yóò máa tẹ ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀. Kí àwọn ọmọ má sì gbàgbé èyí: bí eré ọkọ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára afẹ́fẹ́ kì í di ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́rin ni í dà. Ohun tí a kò fura sí rárá nígbà tí ọkọ̀ ń rọra lọ ní àárín ìlú lè di agbára tí ń tẹ irin nígbà tí eré bá le.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń rò nípa afẹ́fẹ́ ni bí wọn yóò ṣe là á kọjá. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 1899, ní Achères nítòsí Paris, ọmọ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù kan, Camille Jenatzy, wa ọkọ̀ tí iná mànàmáná ń gbé ní eré tí ó lé ní 105 kìlómítà ní wákàtí kan. Òun ni ó kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ojú títì kọjá 100. Wọ́n gbẹ́ ara ọkọ̀ náà bí ọta ìbọn ńlá, kí afẹ́fẹ́ má baà dí i lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àwòrán rẹ̀, ẹ ó rẹ́rìn-ín: Jenatzy fúnra rẹ̀ jókòó sórí ọta ìbọn náà, láti ìbàdí dé orí rẹ̀ ni ó wà ní gbangba, tí afẹ́fẹ́ ń lù. La Jamais Contente ni orúkọ ọkọ̀ náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni obìnrin tí kì í ní ìtẹ́lọ́rùn láé.

Ẹ̀rí pé afẹ́fẹ́ lè ṣe ọ̀rẹ́ hàn ní Jámánì ní oṣù Karùn-ún ọdún 1928. Fritz von Opel wa ọkọ̀ RAK 2 lórí ọ̀nà AVUS ní Berlin. Rọ́kẹ́ẹ̀tì 24 ni ó ń tì í láti ẹ̀yìn, eré rẹ̀ sì dé nǹkan bí 238 kìlómítà ní wákàtí kan. Ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni ìyẹ́ wà, tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹni tó ṣe é mọ̀ pé láìsí ìyẹ́ yìí ọkọ̀ náà lè fò lọ bí ewé. Èéfín àti ariwo rọ́kẹ́ẹ̀tì ni àwọn èrò wá wò, kò sì sí ẹni tí ó mú ìyẹ́ náà lọ sí pápá ìdíje.

Ọdún 1956 ni ọ̀dọ́mọkùnrin onímọ̀ ẹ̀rọ kan láti Switzerland, Michael May, gbé ìyẹ́ ńlá kan sórí ọkọ̀ Porsche 550 rẹ̀, lókè orí awakọ̀ gan-an, tí awakọ̀ sì lè yí i bó ṣe fẹ́. Ó gbé e lọ sí ìdíje 1000 kìlómítà ti Nürburgring. Àwọn alábòójútó wò ó, wọ́n sì ní kí ó yọ ọ́ kúrò. Bí wọ́n bá jẹ́ kí ó sáré pẹ̀lú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo gbà pé ìtàn ìdíje ọkọ̀ ìbá ti yí padà ní ọdún 12 ṣáájú ìgbà tí ó yí padà.

Ẹni tí ó jẹ́ kí gbogbo ayé gbà ni Jim Hall, ará Texas ní Amẹ́ríkà. Ó kàwé nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ, ó ń wa ọkọ̀ ìdíje fúnra rẹ̀, ó sì ní pápá ìdánwò tirẹ̀ ní ìlú Midland, níbi tí kò ti sí ẹni tí yóò sọ fún un pé ohun tí ó ń ṣe kò bójú mu. Ọkọ̀ rẹ̀, Chaparral 2E, jáde ní ọdún 1966. Ìyẹ́ rẹ̀ ga lórí ọ̀pá méjì lẹ́yìn ọkọ̀. Ẹ fi ọkàn sí ibi tí ó ti gbọ́n jù: kò gbé ọ̀pá náà lé ara ọkọ̀, bí kò ṣe lé ibi tí ó di wíìlì ẹ̀yìn mú. Bí ó bá jẹ́ ara ọkọ̀ ni, sípíríǹgì ni ìbá kọ́kọ́ gba ẹrù náà, ara ọkọ̀ á sì rì wálẹ̀. Nísinsìnyí táyà ni ó ń gba ẹrù náà tààrà. Ọkọ̀ náà kò ní pẹ́dàlì kílọ́ọ̀ṣì, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ kò níṣẹ́. Hall fún un níṣẹ́: bí ọ̀nà bá tọ́, awakọ̀ á fi ẹsẹ̀ òsì tẹ pẹ́dàlì kan, ìyẹ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ, afẹ́fẹ́ á kọjá láìdí i lọ́wọ́, bí ó bá fẹ́ wọ kọ́nà, á gbé ẹsẹ̀ kúrò, ìyẹ́ á padà dorí kodò. Ọkọ̀ yìí gba ipò kìíní ní Laguna Seca ní ọdún náà, Phil Hill ni ó wà á. Ní ọdún 1967, Chaparral 2F gba ipò kìíní ní Brands Hatch ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó di ohun tí àwọn ará Yúróòpù fi ojú ara wọn rí.

Ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ìyẹ́ wọ Formula 1. Ní Monaco, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1968, Lotus 49B tí Graham Hill wà ní ìyẹ́ kékeré níwájú. Ní Spa ní Bẹ́ljíọ̀mù, Ferrari àti Brabham gbé ìyẹ́ sókè lẹ́yìn, Chris Amon nínú Ferrari sì yára ju gbogbo wọn lọ nínú ìdánwò. Láti ibẹ̀ lọ, wèrè dé. Ìyẹ́ ń ga sí i, ó ń fẹ̀ sí i láti ìdíje kan sí òmíràn. Ọ̀pá tí ó gbé e dúró kò sì nípọn sí i, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun wúwo.

Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ yìí ni mo fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tí wọ́n fẹ́ di onímọ̀ ẹ̀rọ wò dáadáa. Wíìlì ni ó dúró lé. Wíìlì kì í sinmi. Gbogbo gegele ojú ọ̀nà ni ó ń fò, tí ọ̀pá náà sì ń bá a fò. Afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè. Ìdènà afẹ́fẹ́ ń fà á sẹ́yìn. Bí a bá ṣírò agbára tí yóò tẹ ọ̀pá náà nígbà tí ọkọ̀ ń lọ jẹ́ẹ́, tí a kò sì ṣírò ti ìgbà tí ọkọ̀ bá fò lórí òkè kékeré, ìṣirò wa kò pé.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 1969, nínú ọgbà Montjuïc ní Barcelona, òkè kékeré bẹ́ẹ̀ wà lójú ọ̀nà. Lotus méjèèjì, ti Graham Hill àti ti Jochen Rindt, gbé ìyẹ́ tó fẹ̀ gidigidi. Hill kọ́kọ́ dé orí òkè náà, ìyẹ́ rẹ̀ ká, ọkọ̀ rẹ̀ kò ní ohun tí yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́, ó sì lọ lu irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ara rẹ̀ le, ó jáde. Lẹ́yìn ìyípo mélòó kan, ìyẹ́ ti Rindt, tí ó wà níwájú gbogbo ènìyàn, ká ní ibì kan náà, ọkọ̀ rẹ̀ sì lọ kọlu àfọ́kù ọkọ̀ Hill. Rindt fara pa ní ojú àti ní àgbọ̀n. Àwọn òǹwòran wà lẹ́yìn irin yẹn; bí kì í bá ṣe irin náà, ọ̀rọ̀ ìbá di ẹkún. Jackie Stewart ni ó gba ipò kìíní lọ́jọ́ náà.

Láti orí ibùsùn àìsàn ni Rindt ti kọ lẹ́tà ìta gbangba pé kí a fòfin de ìyẹ́. Ó tún kọ̀wé sí Colin Chapman, olórí Lotus, pé ọkọ̀ rẹ̀ kò lágbára tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ti gbèjà Chapman pé ìmọ̀ tuntun ni, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀. Èmi kò gba èyí wọlé. Ìyẹ́ àwọn mìíràn ti já ní ọdún 1968, ìkìlọ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tí ó fi ìyẹ́ kún fífẹ̀ láì fi kún agbára ọ̀pá mọ ohun tí ó ń fi wewu, ara ẹlòmíràn ni ó sì fi ń wewu.

Ọ̀sẹ̀ méjì péré lẹ́yìn náà, ní Monaco, lẹ́yìn ìdánwò ọjọ́ kìíní, ìgbìmọ̀ aláṣẹ fòfin de ìyẹ́ gíga, wọ́n sì fagi lé gbogbo àkókò tí a sá lọ́jọ́ náà. Hill borí láìsí ìyẹ́ gíga, ìgbà karùn-ún tí yóò borí ní Monaco. Nígbà tí a tún gba ìyẹ́ láàyè, òfin ní kò gbọdọ̀ ga, ara ọkọ̀ ni kí a kàn án mọ́, kò sì gbọdọ̀ máa yí. Rindt padà sínú Lotus, ó ń borí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1970, ní Monza, wọ́n yọ ìyẹ́ kúrò lára Lotus 72 rẹ̀ kí eré rẹ̀ lè le sí i lójú ọ̀nà títọ́. Ọkọ̀ náà yà bàrá nígbà tí ó fẹ́ tẹ bíréèkì, Rindt sì kú nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè kó ìwọ̀n máàkì tó tirẹ̀ kí ọdún tó parí. Ìyàwó rẹ̀, Nina, ni a fi ife-ẹ̀yẹ àgbáyé lé lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yí ojú sí abẹ́ ọkọ̀. Ẹ so bébà méjì rọ̀ kí wọ́n súnmọ́ ara wọn, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí àárín wọn: dípò kí wọ́n pínyà, wọn yóò fà mọ́ ara wọn. Afẹ́fẹ́ tí ń yára kọjá ní ibi tóóró kì í ní agbára ìtẹ̀ púpọ̀. Daniel Bernoulli ti kọ nípa irú ọ̀rọ̀ báyìí láti ọdún 1738. Peter Wright àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Lotus ń dán ọkọ̀ kékeré kan wò nínú ihò afẹ́fẹ́ ti Imperial College ní London, wọ́n sì rí i pé bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti ń rọ̀ wálẹ̀ sí ilẹ̀ ni agbára tí ń fà á mọ́lẹ̀ ń pọ̀ sí i. Wọ́n fi páálí dí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, agbára náà tún pọ̀ sí i. Lotus 78 ti ọdún 1977 ni ó jáde láti inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni Lotus 79, tí Mario Andretti fi gba ife àgbáyé ní 1978. Ewu tirẹ̀ nìyí: bí ohun tí a fi dí ẹ̀gbẹ́ bá gbé sókè díẹ̀ nínú kọ́nà, gbogbo agbára náà á lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìkìlọ̀ fún awakọ̀.

Gordon Murray ti Brabham kò lè ṣe irú rẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fẹ̀ jù, kò sí àyè fún ihò abẹ́ ọkọ̀. Ó rántí Jim Hall, tí ó ti fi fáànù méjì fa afẹ́fẹ́ jáde lábẹ́ Chaparral 2J ní ọdún 1970, tí wọ́n sì fòfin dè é. Murray fi fáànù ńlá kan sẹ́yìn BT46B. Ó ní ohun tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ni, òótọ́ sì ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ní Anderstorp ní Sweden, oṣù Kẹfà ọdún 1978, Niki Lauda fi í borí pẹ̀lú àlàfo tí ó lé ní 30 ìṣẹ́jú àáyá. Àwọn tí ó tẹ̀ lé e ráhùn pé fáànù náà ń da òkúta lu àwọn. Ìdíje kan ṣoṣo tí ó sá nìyẹn. Bernie Ecclestone, tí ó ni ẹgbẹ́ náà, fà á sẹ́yìn.

Láti ọdún 1983, òfin ní kí abẹ́ ọkọ̀ Formula 1 tẹ́ pẹrẹsẹ. Ihò abẹ́ ọkọ̀ kò padà gẹ́gẹ́ bí ohun tí òfin fọwọ́ sí títí di ọdún 2022. Fáànù ní tirẹ̀ kò padà sí pápá náà rárá. Ṣùgbọ́n Gordon Murray, nígbà tí ó ti lé ní 70 ọdún, ṣe ọkọ̀ kan fún ojú títì tí ó pè ní T.50. Lẹ́yìn rẹ̀, ní àárín gan-an, fáànù kan wà níbẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 400 mìlímítà.